Níbi Tí Agogo Kì Í Ti Í Lù

Ọmọkùnrin kan láti agbègbè Òmù-Àrán jókòó síwájú mi ní ọ́fíìsì nígbà kan, ó di èsì ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì mú. Máàkì tó gbà ní JAMB kò kéré rárá. Ṣùgbọ́n F méjì ló wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, mo sì ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, agogo ń lù, tíṣà ń wá bá ọmọ ní kíláàsì, ẹnìkan sì dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú pàṣán. Ní yunifásítì, ìwọ lo máa wá olùkọ́ lọ. Wọ́n lè yí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ padà lóru lórí WhatsApp. Ẹni tí dátà rẹ̀ tán, ibi àná ló máa lọ jókòó sí.

Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ burú. Nígbà tí Yunifásítì Ìlọrin gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976, igba péré ni wọ́n. Olùkọ́ lè mọ orúkọ gbogbo wọn. Lónìí, àwọn tó ń ṣe GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ẹ̀ka ń ṣe, nìkan lè kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́ kí àwọn mìíràn sì dúró síta lójú fèrèsé. Bí o kò bá wá, ta ló máa mọ̀? Ìwé tí o ń buwọ́ lù ló máa mọ̀ o, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wá sí ìdá 75 nínú 100 kíláàsì jókòó ṣe ìdánwò.

Ìṣirò kan wà tí mo máa ń ṣe fún àwọn Jámbáìtì, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tó bá sọ pé ọdún kìíní kò já mọ́ nǹkan kan. Iye tí wọ́n ń fún A ni 5, B ni 4, C ni 3, F sì jẹ́ òfo. Ká ní ọdún mẹ́rin lo máa lò, tí iye yúníìtì, ìyẹn ìwọ̀n kọ́ọ̀sì, ọdọọdún sì dọ́gba. O fi GPA (àròpín iye tí o gbà) 2.50 parí ọdún kìíní, o sì fẹ́ fi 3.50 jáde, ìyẹn 2:1, ìpele kejì ti òkè. O ní láti máa mú bí 3.83 wálé fún ọdún mẹ́ta gbáko, nígbà tí iṣẹ́ ń le sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ tó fi 4.20 parí ọdún kìíní? Bí 3.27 ti tó o. Ọdún tí kò le yẹn gan-an lo fi ṣeré. GST tí wọ́n ń fojú di ló sì sábà máa ń fà á: orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ibi ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀, kò sì sí àyè láti kọ àlàyé gbọọrọ tí olùkọ́ máa fi ṣàánú rẹ.

Báwo lo ṣe máa wá lu agogo fún ara rẹ? Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí, wọ́n sì pọ̀ ní Ìlọrin, pé agogo ti wà lọ́wọ́ wọn. Ìrun márùn-ún ti pín ọjọ́ fún wọn. Lẹ́yìn Àsùbáà, fi wákàtí kan ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá. Láàárín Alásáárì sí Mọ̀ǹgàríbì, jókòó ti ìṣirò. Lẹ́yìn Ìṣáì, sùn. Àkàmọ́jú kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ pásítọ̀ kan tó ń gbé ní Tanke sọ fún mi pé ìpè ládàánì mọ́sálásí ẹ̀yìnkùlé òun lòun fi ń jí kàwé. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ dára.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Ọgbà ńlá Yunifásítì Ìlọrin jìnnà sí ìgboro, ìlà ọkọ̀ sì máa ń gùn láàárọ̀. Bí kíláàsì bá jẹ́ aago mẹ́jọ, má jẹ̀ẹ́ kí aago méje bá ọ nílé.

Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì: tètè ṣe é, tẹ̀ ẹ́ jáde, tọ́jú ẹ̀dà kan. Ó parí.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Ọmọ tó ń wá sílé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ nítorí pé Ọ̀fà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo kò jìnnà, kò ní mọ ẹnikẹ́ni nínú ọgbà. Ẹ jẹ́ kó dúró fún oṣù kan àbọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi gàrí ránṣẹ́. Bí ẹ bá pè é, ẹ má fi "ṣé ò ń kàwé?" bẹ̀rẹ̀; ẹ bi í pé ta ló jókòó tì í ní kíláàsì lónìí. Bí kò bá rí orúkọ kan dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò jẹun, tí kò sùn, ìyẹn kọjá àárò ilé. Ẹ ní kó lọ rí olùtọ́sọ́nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ibi.

Ìwọ tí F ti bá, má dúró di ìgbà tí ìdánwò mìíràn bá dé kí o tó wá. Mú èsì rẹ dání àti àkọsílẹ̀ ohun tí o fi ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe, wákàtí fún wákàtí, má pa irọ́ sí i. Kí o sì jẹun kí o tó wá o, torí a máa pẹ́.