Ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ Ṣáínà, físà ńkọ́?

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2021, Ṣáínà ní àwọn ò ka pásípọ́ọ̀tù BNO (British National Overseas) táwọn ará Hong Kong kan ń lò sí ìwé ìrìnnà mọ́. Ó rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, torí Ìlú Ọba ló ń tẹ ìwé yẹn, kì í ṣe Ṣáínà.

Ta ló ni Hong Kong gan-an?
Ìlú Ọba ló ń ṣàkóso ẹ̀ títí tó fi dá a padà fún Ṣáínà lọ́jọ́ 1 oṣù keje 1997.

Kí wá ni BNO?
Nígbà tí Ìlú Ọba àti Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1984 pé Hong Kong máa padà sọ́wọ́ Ṣáínà, ó ti hàn pé ipò tí òfin Ìlú Ọba fáwọn ará ibẹ̀ máa dópin tílùú bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ni wọ́n bá fi BNO dípò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní 1987. Ẹ lè fi rìnrìn àjò, àmọ́ kò fún yín láyè láti lọ máa gbé ní Ìlú Ọba, ọmọ yín ò sì lè jogún ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń wá a lójú méjèèjì. Àwọn tí wọ́n bí síbòmíì ní láti kọ́kọ́ gba ipò àtijọ́ yẹn, ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1996 ni wọ́n sì máa tilẹ̀kùn, ìyẹn ló jẹ́ kí ìlà gùn lọ rẹrẹ níwájú imigiréṣọ̀n ní Wan Chai, àdúgbò kan ní Hong Kong.

Àwọn tí ò ní BNO, ta ló bá wọn sọ̀rọ̀ físà?
Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ọjọ́ tílùú yí padà gan-an ni pásípọ́ọ̀tù tuntun jáde, búlúù tó dúdú díẹ̀, àmì ìjọba Ṣáínà pẹ̀lú orúkọ Hong Kong wà lára èèpo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ pupa ni tàwọn ará Ṣáínà yòókù. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun ò ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu bóyá òun máa gbà á wọlé láìbéèrè físà. Lóòótọ́ Ṣáínà ló ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àmọ́ abala 155 nínú òfin tí wọ́n ṣe fún Hong Kong sọ pé kí Beijing ran ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kó fún un láṣẹ, láti bá orílẹ̀-èdè míì ṣàdéhùn kí wọ́n yọ físà kúrò, ni wọ́n bá ń kanlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Onílé máa fẹ́ mọ ẹni tó lè gba ìwé náà, ẹni tó ń ṣe é, àti bóyá wọ́n máa gba èèyàn wọn padà tó bá wọlé tí ò lọ mọ́. Méjì àkọ́kọ́ ò ṣòro: ọmọ Ṣáínà tó ní káàdì onílùú Hong Kong nìkan ni, imigiréṣọ̀n Hong Kong fúnra ẹ̀ ló sì ń ṣe é. John Major, olórí ìjọba Ìlú Ọba, wá síbẹ̀ ní oṣù kẹta 1996, ó ní ẹni tó bá mú un dání ò ní gba físà tó bá wá ṣàbẹ̀wò, ìwé ọ̀hún ò tíì jáde nígbà yẹn o! 2001 làwọn ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, tó fẹnu kò sí i. Amẹ́ríkà ṣì ń béèrè físà.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Macau?
Rárá. Potogí ló ń ṣàkóso Macau, ìlú kan nítòsí Hong Kong, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ di ọmọ Potogí pátápátá kó tó dá a padà fún Ṣáínà ní oṣù kejìlá 1999.

BNO ti wá di bébà lásán?
Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọba ṣì ń gbà á, oṣù kìíní 2021 yẹn kan náà ló ṣí físà tẹ́ni tó ní ipò BNO àtẹbí ẹ̀ lè fi wá gbé, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n kàwé. Ẹnubodè Hong Kong ńkọ́? Káàdì onílùú ni wọ́n ti ń fi kọjá níbẹ̀ tipẹ́.

Tírú ẹ̀ bá dé bá ìlú ẹni, kí ni ká ṣọ́?
Ẹ má jẹ́ kí “kò gba físà” tàn yín, ẹ béèrè pé ọjọ́ mélòó, ẹ béèrè bóyá ẹ lè ṣiṣẹ́, torí àbẹ̀wò nìkan ni John Major ṣèlérí. Ẹ sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn 1997 kò sẹ́ni tó tún lè forúkọ sílẹ̀ fún BNO, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ò sì ní in, bí bàbá àtìyá ẹ̀ tiẹ̀ ní in.