Ìdágìrì kọ́ ló ba oyún náà jẹ́

Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọdé ta bàǹgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àbúrò mi obìnrin. Àyà rẹ̀ já, ó figbe ta. Oyún ọ̀sẹ̀ 9 ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, oyún náà sì wálẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń sọ pé, "Mo ní kó má lọ sọ́jà, kò gbọ́." Èyí tó dùn mí jù ni pé àbúrò mi fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Omi àmàlà ń hó lórí iná, ó kàn ń wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní mo jókòó sílé ni."

Ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti wá o. Bí ẹ̀rù bá bani, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba inú àwọn fọ́nrán kan tó wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ (Yorùbá ń pe àwọn náà ní iṣan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní fọ́nrán, kó má baà dà pọ̀). Iṣẹ́ tó ń rán wọn ni pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù bà fi ń tutù. Ilé ọmọ náà ní fọ́nrán yìí, ìyẹn lèèyàn fi lè rò pé ìdágìrì á dí ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọmọ.

Àmọ́ oyún kì í fi wọ́n sílẹ̀ bó ṣe bá wọn. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń gbẹ dànù nínú ẹran ara ilé ọmọ, débi pé bí ìbímọ bá fi máa tó, èyí tó kù kò tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ rí i nínú ẹranko, wọ́n rí i nínú ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn tó wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń wọ ilé ọmọ kì í tán tó bẹ́ẹ̀. Ibi ọmọ ló wá ṣe èyí tó kù. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn ló máa ń fún pọ̀ nígbà nǹkan oṣù. Sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ á gbẹ́ wọnú ara wọn, á yọ ẹran tó ń fún pọ̀ kúrò, wọn á sì fẹ̀ gbàràmù. Kí ọpọlọ máa ránṣẹ́ síbẹ̀, ta ni yóò jẹ́ ẹ? Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ilé ọmọ, tí kò ju nǹkan bíi mílílítà 50 lọ ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, á ju 500 lọ nígbà tí oyún bá gbó, ìyẹn ju ìgò Coke 50cl kan lọ.

Oyún ọ̀sẹ̀ 9 ńkọ́? Lásìkò yẹn, sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ ṣì dí ẹnu àwọn iṣan náà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò tíì máa ṣàn wọlé dáadáa. Omi ara tí ilé ọmọ ń sun ni ọlẹ̀ ń jẹ. Bàǹgà kò lè gba ohun tí kò tíì dé ọwọ́ ọmọ.

Nǹkan bí ìdajì oyún tó ń wálẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí, àbùdá (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tí kò pé tàbí tó lé ló fà á, láti ọjọ́ tí oyún ti dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọlẹ̀ á ti dẹ́kun dídàgbà kí ẹ̀jẹ̀ tó yọjú rárá.

Ìṣubú tàbí kí nǹkan gbá aboyún níkùn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kó lọ sí ọsibítù. Ohun tí mo ń bẹ yín pé kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni kí àwọn iṣan ìkarahun ìgbín yẹn má fẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó wà lára ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, tó lè di gìrì. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì: ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má ní ìrònú ni.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá ọkọ àbúrò mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní oyún méjì ti wálẹ̀ lára òun rí, eré tí òun sá nínú òjò ni wọ́n ní ó fà á.