Òfin àti ìlànà ìwà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà

Òfin àti ìlànà ìwà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn àti ojúṣe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yìí sílẹ̀, ó sì lè yọ orúkọ ẹni tó bá ṣìwà hù kúrò nínú ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kì í ṣe nọ́ọ̀sì lójú òfin, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ gún tó. Ìlànà ìwà tí nọ́ọ̀sì gbogbo àgbáyé ń tẹ̀ lé jáde ní 1953. Àtúnṣe rẹ̀ tó wáyé ní 2021 ni wọ́n ń lò báyìí.

Ìyọ̀ǹda, ìyẹn kí aláìsàn gbà kí a tọ́jú òun, sábà máa ń fa awuyewuye. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí a jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò ìlera rẹ̀, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, kó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀. Èdè tó yé e ni kí a fi bá a sọ ọ́ bó bá ṣeé ṣe. Ìyá àgbà tó tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún un, ìka ló tẹ̀, kò tíì yọ̀ǹda.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí ló sábà máa ń gbẹnu sọ fún aláìsàn: ọkọ á buwọ́ lùwé fún aya, àkọ́bí fún ìyá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló lékè lójú òfin. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá dókítà kan láre, ẹni tí kò fa ẹ̀jẹ̀ sára obìnrin Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan nítorí pé obìnrin náà kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kú. Ti ọmọdé yàtọ̀: ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà kò gbà pé ìgbàgbọ́ ìyá lè dí ẹ̀jẹ̀ tí yóò gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là lọ́wọ́.

Àṣírí náà ń kó nọ́ọ̀sì sí wàhálà. Ará ilé á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí gan-an ló ń ṣe wọ́n?” Àfi bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i ní kíkọ, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí dídákẹ́ bá lè kó aráàlú sínú ewu ńlá, kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Òbí ọmọdé lè béèrè.

Ní ti pàjáwìrì, òṣìṣẹ́ ìlera tó bá kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn lè san ₦100,000 tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí méjèèjì. Òfin ọdún 2017 tún fi òpin sí “ẹ lọ gbàwé ọlọ́pàá wá ná” fún ẹni tí ìbọn bà. Ìtọ́jú ló ṣáájú, ilé ìwòsàn yóò sì fi tó ọlọ́pàá létí.

Bí ẹjọ́ bá dé, fáìlì aláìsàn ni agbẹjọ́rò máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì a máa sọ pé ohun tí a kò kọ, a kò ṣe é. Nítorí náà, aago, ìwọ̀n oògùn àti ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì wọlé, ìlà kan ṣoṣo ni a ń fà lé e, kí ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé kà.