Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà àti ìlera eyín

Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ni èyí tí wọ́n fi xylitol, sorbitol, aspartame tàbí irú wọn mú dùn. Bakitéríà inú ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan jẹ nínú àwọn adùn wọ̀nyí.

Iṣẹ́ itọ́

Bí èèyàn bá jẹun tán, bakitéríà inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín, pàápàá Streptococcus mutans, á sọ ṣúgà oúnjẹ di ásíìdì. Tí pH ibẹ̀ (ìwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) bá já wálẹ̀ tó nǹkan bí 5.5, kálísíọ́ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lára eyín. Itọ́ ló ń tún un ṣe: bikabónéètì inú rẹ̀ á pa ásíìdì náà, kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì inú rẹ̀ á sì padà sára eyín. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí gọ́ọ̀mù wọ ẹnu, itọ́ lè sun tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìgbà tí ẹnu sinmi. Kì í pẹ́ tí adùn fi ń tán, àmọ́ itọ́ ò ní padà sí iye ti tẹ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dámọ̀ràn pé kí èèyàn jẹ ẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Pákò pẹ̀lú ń mú itọ́ sun, ṣùgbọ́n ó tún ń họ ìdọ̀tí eyín kúrò. Gọ́ọ̀mù ò lè rọ́pò pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì níbi èyí.

Ìwádìí Fínlándì

Láàárín 1972 sí 1975, Arje Scheinin àti Kauko Mäkinen ti Yunifásítì Turku darí ìwádìí kan tí apá kan rẹ̀ fi gọ́ọ̀mù xylitol wé gọ́ọ̀mù oníṣúgà fún ọdún kan. Eyín àwọn tó jẹ ti xylitol ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà sí i rárá. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù oníṣúgà ni wọ́n fi wé e, kì í ṣe àìjẹ gọ́ọ̀mù, nítorí náà ó ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ xylitol àti èyí tó jẹ́ ìpalára ṣúgà. Lọ́dún 1975 kan náà, gọ́ọ̀mù Jenkki oníxylitol dé ọjà níbẹ̀.

Nínú ìwádìí mìíràn ní ìlú Ylivieska, àwọn ìyá ọmọ ló ń jẹ gọ́ọ̀mù náà, kì í ṣe àwọn ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọdún méjì, nǹkan bí 10 nínú 100 wọn ló ti kó Streptococcus mutans. Láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n kàn fi fùlóráìdì (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) kun eyín ìyá wọn, ó tó nǹkan bí 49.

Àwọn onímọ̀ kan ṣì gbà pé jíjẹ gan-an ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, adùn yòówù kó wà nínú rẹ̀.

Ìtẹ́wọ́gbà

American Dental Association, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà, fún àwọn gọ́ọ̀mù kan tí kò ní ṣúgà ní òǹtẹ̀ ìtẹ́wọ́gbà lọ́dún 2007.

Ìṣọ́ra

Àpọ̀jù sorbitol tàbí xylitol lè fa inú kíkùn àti ìgbẹ́ gbuuru. Jíjẹ gọ́ọ̀mù kò yẹ fún ẹni tí oríkèé àgbọ̀n ń dùn. Xylitol lè pa ajá, kódà tí kò bá pọ̀.