Ibi Tí Fẹ́ńdà Ọkọ̀ Àtijọ́ Ti Ń Jáde

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹni tó ń tún un ṣe lẹ́nu. Bí irin kan bá jẹ nínú rẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin lè gbẹ́ òmíràn. Bọ́dì ni wàhálà wà. Fẹ́ńdà kan péré, ìyẹn páànù tó bo táyà, lè dá ọkọ̀ dúró sójú kan fún ọdún mẹ́ta, kí owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á sì wà nílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe fẹ́ńdà ló fà á. Irin ràbàtà méjì ni ilé iṣẹ́ máa ń gbẹ́, ọ̀kan yọ síta, èkejì jìn sínú, wọ́n á ṣe wẹ́kú bí igbá àti ìdérí. Páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi sáàárín wọn, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́, fẹ́ńdà á jáde. Dáì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irin méjèèjì. Ó wúwo, ó ń gba ààyè, owó gọbọi ló sì ń náni láti gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá ṣe irú ọkọ̀ yẹn mọ́, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí dáì rẹ̀ ló máa sọ bí fẹ́ńdà ṣe máa wọ́n tó.

Orí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MGB gbè é. Láti 1962 di 1980 ni wọ́n fi ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ British Motor Heritage wá kó àwọn dáì rẹ̀ jọ, láti 1988 ni wọ́n sì ti ń fi wọ́n ṣe odindi bọ́dì tuntun. Beetle ti Volkswagen pẹ́ láyé débi pé wọ́n ṣì ń ṣe é ní Mẹ́síkò títí di 2003. Ti ọkọ̀ DeLorean ló burú. Ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Northern Ireland ti ilẹ̀kùn, díẹ̀ nínú àwọn dáì náà sì di ohun tí àwọn tó ń sin ẹja fi di àwọ̀n mọ́lẹ̀ nínú òkun. Irin tí kì í dípẹtà ni bọ́dì ọkọ̀ yẹn, wọn kì í kùn ún lọ́dà, nítorí náà ibi tó bá tẹ̀ sínú, kò sí pé à ń fi pọ́tì dí i.

Bí dáì bá ti lọ, ó ku ẹrù àtijọ́: èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni ò dè mọ́ ọkọ̀ rí, tó kàn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń pè é ní tuntun, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Fẹ́ńdà tó ti fi etí kan dúró lórí sìmẹ́ǹtì fún àádọ́ta ọdún lè ti wọ́, ìpẹtà sì lè ti máa jẹ ẹ́ lábẹ́ bébà tí wọ́n fi wé e. Nọ́ńbà tó wà lára pátì, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni kí èèyàn gbà gbọ́ ju ẹnu ẹni tó ń tà á lọ. Fẹ́ńdà iwájú Beetle méjì lè jọra lókèèrè, kó jẹ́ pé ọ̀kan wà fún iná tí gíláàsì rẹ̀ rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn, èkejì fún iná tó dúró ṣánṣán, tó dé lẹ́yìn ọdún 1965. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ mìíràn pátápátá ló ní irú pátì tí à ń wá. Láti 1934 ni ìwé Hollander ti ń to irú wọn jọ ní Amẹ́ríkà.

Àwòkọ náà wà. Ara fẹ́ńdà tí wọ́n ti lò rí ni wọ́n sábà máa ń wò gbẹ́ dáì rẹ̀, torí náà etí rẹ̀ kì í mú tó, ihò bóòtù sì lè fi mìlímítà bíi mélòó kan yẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn rà á. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kíkùn ún kí wọ́n tó dè é wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ dè é mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, kí wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá fẹ̀ lókè tó fún nísàlẹ̀, dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń gba fẹ́ńdà tí wọ́n ti kùn padà.

Ọ̀nà míì ni kí wọ́n gé e lára ọkọ̀ aláwókù. Aṣálẹ̀ bíi ti Arizona kì í jẹ́ kí páànù dípẹtà, ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ ti pa rọ́bà àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nítorí yìnyín, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á a máa fi aṣọ wé òòfà, a sì fà á lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ páànù, pọ́tì ló wà níbẹ̀. (Ẹ má dán an wò lára Land Rover àtijọ́ o, alumíníọ́mù ló pọ̀ jù lára rẹ̀.) Kí wọ́n gé páànù náà kó tóbi ju ohun tí wọ́n nílò lọ, torí gígé rẹ̀ kúrò rọrùn ju fífi kún un lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sófo, ó di ọwọ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà. Á fi páálí wọn ẹ̀gbẹ́ tó ṣì dára, á yí páálí náà padà kí ọ̀tún lè di òsì, á wá fi òòlù lu páànù lórí àpò iyanrìn, á gbé e wò lára ọkọ̀, á tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣe odindi fẹ́ńdà. Ìsàlẹ̀ lẹ́yìn táyà, tí ẹrẹ̀ máa ń dì sí, ló sábà máa ń jẹrà; á gé ibẹ̀ kúrò, á sì jó tuntun mọ́ èyí tí dáì ilé iṣẹ́ tẹ̀ láyé ìjọ́sí.