Kí ni interdict? Ìyà tí gbogbo ilẹ̀ ń jẹ nítorí ọba

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ní Yúróòpù, ó lé ní 800 ọdún sẹ́yìn, ìyà kan wà tó jẹ́ pé ọba ló máa ṣẹ̀, ìka mẹ̀kúnnù ni wọ́n máa gé. Interdict lorúkọ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń pa á pọ̀ mọ́ yíyọ èèyàn lẹ́gbẹ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ìjọ Kátólíìkì bá yọ lẹ́gbẹ́, òun nìkan nilẹ̀kùn tì mọ́. Nígbà náà, interdict lè mú odidi ìlú tàbí odidi ilẹ̀ ọba: àlùfáà kò gbọdọ̀ ṣe ìsìn fáwọn aráàlú, olódodo ni o, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni o, títí olórí wọn yóò fi gbọ́ràn sí Póòpù lẹ́nu.

Ẹ wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1205, Hubert Walter, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kú. Àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ yan ọ̀kan nínú ara wọn. Ọba John ní èèyàn òun, John de Gray, bíṣọ́ọ̀bù Norwich, ló máa jẹ oyè náà. Nígbà tọ́rọ̀ dé Róòmù, Póòpù Innocent Kẹta kò gba ìkankan nínú àwọn méjèèjì, Stephen Langton ló fi síbẹ̀. John fárígá, ó ní Langton kò ní tẹ ilẹ̀ òun. Ní oṣù kẹta ọdún 1208, interdict bẹ̀rẹ̀.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Kò sí Máàsì fáwọn èèyàn mọ́. Wọ́n ṣì lè ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ìkókó, ẹni tó ń kú lọ sì lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kú tán ńkọ́? Ibi tó máa ń dùn mí jù nìyí. Kò sáyè fún òkú nínú ilẹ̀ tí ìjọ yà sí mímọ́. Òpìtàn ìgbà náà, Roger of Wendover, kọ ọ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gbé òkú jáde nílùú, tí wọ́n ń sin ín bí ajá sí oríta àti kòtò, láìsí àdúrà, láìsí àlùfáà. Àwọn tó gbà tọkàntọkàn pé àdúrà ìjọ ló ń ran ọkàn òkú lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe èyí fún.

Póòpù kò ní ọmọ ogun tó lè kó lọ bá John jà. Ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ni ohun ìjà rẹ̀: bí ìyà náà bá ni wọ́n lára tó, wọ́n á yíjú sí ọba wọn. Àmọ́ John gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá àwọn àlùfáà, owó sì ń wọlé fún un. Kódà nígbà tí Póòpù yọ òun fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ́ lọ́dún 1209, kò yí padà. Ìgbà tí Philip Kejì, ọba Faransé, ń múra àtigbógun wọ ilẹ̀ rẹ̀ ló tó tẹríba. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1213, ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland lé Póòpù lọ́wọ́, ó gbà á padà bí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó sì ṣèlérí ìṣákọ́lẹ̀ 1,000 máàkì (ìwọ̀n owó ìgbà náà) lọ́dọọdún.

Ní oṣù keje ọdún yẹn, ní Winchester, Langton gba ọba padà sínú ìjọ. Interdict kò kúrò lórí àwọn aráàlú títí di oṣù keje ọdún 1214, torí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí iye tí ọba máa san padà fáwọn àlùfáà.