Bí Bàálù Bá Gbéra Lóru, Etí Awakọ̀ Lè Tàn Án Jẹ

Kété tí bàálù bá kúrò lórí rọ́nwéè lóru, tó kọjú sí òkun tàbí igbó tí kò síná, ṣe ni gíláàsì iwájú máa ń dúdú kirikiri. Awakọ̀ kò ní rí ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé mọ́. Ó ku mítà iwájú rẹ̀ àti ohun tí ara ń sọ fún un. Ara yìí gan-an ni ìṣòro.

Inú etí lọ́hùn-ún la fi ń mọ̀ bóyá a dúró ṣánṣán. Bí orí bá yí, omi inú rẹ̀ á ti irun tíntìntín, ọpọlọ á sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá rọra ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò tó nǹkan bí 2 dígírí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí kì í sábà mọ̀ rárá. Ẹ̀tàn mìíràn ń bẹ nínú eré. Ẹni tó ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tí ọlọ́kadà tẹná lójijì mọ bí ara ṣe ń fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe awakọ̀ tó ń gbéra. Bí kò bá rí ìta, ọpọlọ á ní imú ọkọ̀ ti ga jù. Bó bá tẹ imú náà wálẹ̀, ilẹ̀ kò jìnnà.

Ẹ wo Kenya Airways 507 ní Douala, ní Cameroon, lóru 5 May 2007. Boeing 737-800 ni, èèyàn 114 ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń fì sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ní kí autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, gba iṣẹ́, ó sì fi sítíárìn sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀ kò fèsì, autopilot kò sì gbà á. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó ń wakọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fì tó nǹkan bí 35 dígírí ni ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ké. Jìnnìjìnnì bo ọ̀gá náà, ó sì kọ́kọ́ yí sítíárìn sí ọ̀tún, síbi tí ọkọ̀ ti ń dà lọ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó yè. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Èmi kò gbà. Bí autopilot bá gba ọkọ̀ yìí, bọ́tìnì rẹ̀ á tàn, CMD (ìyẹn “command”, àmì pé autopilot ti gba iṣẹ́) á sì hàn lójú mítà. Ká wò ó lẹ́ẹ̀kan péré ni.

Mítà tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe fì hàn náà lè bàjẹ́ o. Ní 1 January 1978, ti ọ̀gá awakọ̀ Air India 855 há lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ní Bombay (Mumbai), ní India, ó ń fi hàn pé ọkọ̀ fì sí ọ̀tún. Ó ń yí i sí òsì títí ó fi dojú dé sínú òkun. Èèyàn 213 ló kú. Mítà igbákejì àti èyí tó wà láàárín wà níbẹ̀ láti fi wé e. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi mẹ́ta síbẹ̀.

Iná rọ́nwéè kò gbọdọ̀ tíì pòórá kí ojú tó wọ inú mítà. Lórí 737, imú á ga tó nǹkan bí 15 dígírí. Mítà tó ń ka bí ọkọ̀ ṣe ga tó àti èyí tó ń ka bó ṣe ń yára gòkè gbọ́dọ̀ jọ fi hàn pé ọkọ̀ ń lọ sókè kí wọ́n tó fa taya wọlé. Bí ọkọ̀ bá ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí imú sì ń wálẹ̀, kí awakọ̀ kọ́kọ́ ka ẹ̀gbẹ́ tó dà sí, kí ó tẹ́ apá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó gbé imú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa imú sókè nígbà tí apá ṣì dà, ńṣe ni ọkọ̀ á túbọ̀ máa yí bírípo lọ sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ní láti máa pe iye dígírí tí ọkọ̀ fi fì sókè; bó bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí èsì tó yè kooro, kí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.